Ẹni Òdì Kejì Ẹ̀rọ

"Màmá Aṣọ́ra, wọ́n ti gba òkú yín o."

Ẹlẹ́rọ ló sọ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá mẹ́ta tó wà ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na fóònù rẹ̀ sókè, omi ọṣẹ ń kán láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Aṣọ́ra di etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú, kò tíì tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ ìlọṣọ. Àyà rẹ̀ ti já kó tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí wọ́n bá pè é láti ẹ̀yìn, ẹ̀rù ló máa ń kọ́kọ́ jẹ́ ìpè náà, òun á tó wá jẹ́ ẹ. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Aṣọ́ra, pé kò síbi tó máa gbẹ́sẹ̀ lé tí kò ní kọ́kọ́ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

"Òkú wo?"

"Òkú inú ìtàn yín. Ọmọ yín ti gbé e sójú fóònù rẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ gbọ́ nǹkan tó kọ." Ẹlẹ́rọ sún fóònù mọ́jú. "'Ìtàn tí màmá mi kọ, ìtàn òkú tó padà wá sẹ́nu iṣẹ́, ti wọlé sínú ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kà. Ẹ bá wa yọ̀.' Ẹni mọ́kànlélógójì ló ti bá a yọ̀. Èmi ni mo ṣe ìkejìlélógójì."

Àwọn obìnrin tó ń ya aṣọ sọ́tọ̀ nídìí tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rọ rí i pé ọjà òun tà, ó fi kún un. "Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìgbéga níbí, ẹnikẹ́ni ò gbà mí. Òkú yìí ò ju oṣù méjì lọ, wọ́n ti gbà á. Ó dà bí ẹni pé kéèyàn kọ́kọ́ kú ni."

Ọ̀gá wọn yọ láti inú ọ́fíìsì onígíláàsì tó wà ní igun yàrá. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àgbà ni, ó sì ní bàtà kan tí kì í dún, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn èèyàn ló ti máa ń wà kéèyàn tó mọ̀ pé ó dé.

"Ta ni wọ́n gbà?"

"Ìtàn Màmá Aṣọ́ra ni, mà. Ti ilé ìfọṣọ."

"Ilé ìfọṣọ wo?"

"Ilé ìfọṣọ kan ṣá ni, mà," ni Aṣọ́ra dáhùn. "Kò lórúkọ."

"Ọ̀gá wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀ díẹ̀, mà."

"Díẹ̀ bíi báwo?"

"Bí àwọn ọ̀gá ṣe máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ni," ni Ẹlẹ́rọ wí, "díẹ̀díẹ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó wo Aṣọ́ra fún ìgbà díẹ̀, ó yí padà, ó lọ.

Aṣọ́ra ti aṣọ bọ ẹnu ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ ìlọṣọ náà ga ju èèyàn lọ, ó sì gùn tó ọkọ̀ kékeré. Ẹnì kan á dúró níwájú, á máa ti aṣọ tútù bọ ọ́ lẹ́nu. Ẹnì kejì á dúró lẹ́yìn, á máa gba aṣọ gbígbóná bó ṣe ń jáde, á máa ká a. Àwọn méjèèjì ò lè rí ara wọn, ariwo rẹ̀ ò sì ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra. Nítorí náà, àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láyé àtijọ́ ti so ṣíbí irin kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹni ẹ̀yìn bá fi lu ara ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, "máa bọ̀" nìyẹn. Bó bá lù ú lẹ́ẹ̀kan, "dúró" nìyẹn, ẹni iwájú á sì tẹ bọ́tìnì pupa. Nígbà náà, iwájú nìkan ni bọ́tìnì wà. Ti ẹ̀yìn, ìgbà tí ẹnì kan kú níbẹ̀ ni wọ́n tó fi í sí i.

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Aṣọ́ra fi dúró níwájú tí obìnrin kan ṣoṣo sì ń dúró lẹ́yìn. Ìyàwó káfíńtà tó ń tún bẹ́ẹ̀dì àti àga ilé ìwòsàn ṣe ni. Wọn kì í pe orúkọ ara wọn. "Ẹnìkejì mi" ni wọ́n ń pe ara wọn, lẹ́nu iṣẹ́ àti nílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, ẹnìkejì yìí ṣubú lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ìṣísẹ̀ ogójì péré ni ọ̀dọ̀ dókítà, kí wọ́n tó gbé e débẹ̀, ẹ̀mí ti bọ́. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan jókòó, wọ́n bi Aṣọ́ra ohun tó gbọ́ kẹ́yìn. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòún gbọ́. Wọ́n bi ọ̀gá, tó dúró lẹ́yìn Aṣọ́ra lọ́jọ́ náà. Òun náà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ń lọ geerege, ikú òjijì ni. Àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀ẹ̀kan ni.

Yàrá iṣẹ́ abẹ ti pè lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà pé aṣọ dà. Ọ̀gá dúró, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aṣọ́ra gbọ́ ṣíbí tó dún kọ́, ẹ̀ẹ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ nà sí bọ́tìnì. Ọ̀gá ní, "Aṣọ́ra, wọ́n ń dúró de aṣọ." Ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìkejì ló sọnù sínú ariwo. Ó sì mú aṣọ mìíràn.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti ń rìn nínú ara rẹ̀ bí èèrà. Ìwé mẹ́fà péré ló kà kó tó fi ilé ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ra pẹ́ńsù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sẹ́yìn ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi ń ka aṣọ. Ó kọ ọ́ pé obìnrin kan kú lẹ́yìn ẹ̀rọ, kò sì lọ. Aṣọ ń jáde, ẹnikẹ́ni ò sí lẹ́yìn, aṣọ sì ń ká ara rẹ̀. Bí òkú náà bá gba aṣọ tán, á lu ṣíbí lẹ́ẹ̀mejì. Máa bọ̀. Obìnrin tó wà níwájú á rẹ́rìn-ín músẹ́, á mú òmíràn. Ó kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni, kí òun fúnra òun lè máa kà á, bóyá òun á gbà á gbọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tíṣà ni, rí ìwé náà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ó ní òun á fi ránṣẹ́. Aṣọ́ra ò jiyàn. Ta ni yóò gba ìtàn lọ́wọ́ ẹni tó ka ìwé mẹ́fà?

Àṣé wọ́n á gbà á.

Nígbà tó jáde lọ síbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí láti mí díẹ̀, fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni. Ó wò ó títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ kó tó gbé e.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé ìyá tó kọ ìtàn òkú ilé ìfọṣọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ta ló ń bi mí?"

Ohùn náà rẹ́rìn-ín. Olóòtú ìwé náà ni, ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ó kí i, ó tún un kí. Ó ní nígbà tí àwọn kà á ní ọ́fíìsì tán, akọ̀wé àwọn ò lè dá lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́. "Ohun kan péré la fẹ́ bi yín, mà. Ṣíbí yẹn. Kí ló dé tí òkú náà fi ń lù ú lẹ́ẹ̀mejì?"

"Bí... bó ṣe máa ń lù ú nìyẹn."

"Ó yé wa, mà. Ẹ ti ṣàlàyé ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì, máa bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan, dúró. Àmọ́ bí òkú bá ní kéèyàn máa bọ̀, ìyẹn ò bani lẹ́rù. Òṣìṣẹ́ dáadáa nìyẹn. Ká ní ẹ̀ẹ̀kan ló lù ú ńkọ́? Kó lù ú lẹ́ẹ̀kan, kí obìnrin iwájú gbọ́, kó má dúró. Mà, nígbà tí mo rò ó débẹ̀, orí mi wú."

Aṣọ́ra jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tó dojú dé. Aṣọ funfun kún gbogbo ojú okùn níwájú rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Sọ kí ni, mà?"

"Pé ẹ̀ẹ̀kan ni."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Èmi ni mo kàn rò ó. Ṣé mo ṣì sọ ni, mà? Ìtàn yín ni o. Bí ẹ bá ní kó wà bó ṣe wà, a ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Kẹ́ ẹ ṣáà fún wa lésì kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, torí ìgbà yẹn ni gbogbo ẹ̀ ń lọ sílé ìtẹ̀wé."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ jókòó ti òkìtì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó ń máàkì, ó sì ń kọrin sábẹ́ imú. Aṣọ́ra ń fọ abọ́. Ó ti fọ abọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Pè wọ́n," ló sọ. "Sọ pé kí wọ́n dá a padà."

"Kí wọ́n dá kí ni padà, Màmi?"

"Ìtàn náà. Ṣebí a kàn fi hàn wọ́n ni."

Ọmọ náà gbé báírò sílẹ̀. "Ìtàn kì í ṣe ìkòkò, Màmi, tẹ́ẹ máa yáni tẹ́ẹ máa gbà á padà. Ẹ ti gbọ́ iye èèyàn tó fi ìtàn ránṣẹ́? Ẹgbẹ̀ta. Mẹ́sàn-án ni wọ́n mú."

"Kí wọ́n mú mẹ́jọ."

"Kí ló ń dẹ́rù bà yín? Pé wọ́n fẹ́ yí ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀kan? Olóòtú pè mí náà. Ẹ má bínú o, Màmi, ẹ̀ẹ̀kan dáa ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ."

Aṣọ́ra yíjú sí i. "Ìwọ náà rò bẹ́ẹ̀?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá kà á á rò bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ìtàn náà fẹ́ sọ nǹkan, ẹ wá fọwọ́ bò ó lẹ́nu."

Aṣọ́ra nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà gòkè dé ọ̀fun, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà ilé àna. Kò lè wọlé, kò lè padà. "Lọ máàkì ìwé ẹ," ló sọ níkẹyìn.

Ní Ọjọ́rú, ọ̀gá pè é sínú ọ́fíìsì onígíláàsì. Ìtàn náà wà lórí tábìlì, ó ti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

"Ẹlẹ́rọ ló gbà á fún mi lọ́wọ́ ọmọ ẹ. Mo kà á. O mọ̀ ọ́n kọ. O tiẹ̀ wọ bàtà fún mi nínú ẹ̀."

"Kì í ṣe ẹ̀yin, mà."

"Èmi ni. Kò burú. Iṣẹ́ ń fi ara hàn nínú gbogbo wa." Ọ̀gá fi ìka tẹ ojú ìwé. "Ẹ̀ẹ̀mejì lo kọ síbí. Ó dáa. Kó wà bẹ́ẹ̀."

Aṣọ́ra wo ilẹ̀. "Olóòtú ní kí n yí i sí ẹ̀ẹ̀kan, mà."

Ọ̀gá dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Ní òdì kejì gíláàsì, ẹnu Ẹlẹ́rọ ń mì lọ́hùn-ún, ó ń bá ẹnì kan ṣàwàdà, wọn ò gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Kí lo sọ fún un?"

"Mi ò sọ nǹkan kan. Ó kàn rò ó ni, mà."

"Ó kàn rò ó." Ọ̀gá jókòó padà. "Fetí sí mi. Oṣù méje ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Tìrẹ ku ọdún mẹ́sàn-án. A ti fọwọ́ sí ìwé, èmi àti ìwọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé á pè é ní ìtàn, wọ́n á ní kò burú, wọ́n á ṣí ojú ìwé mìíràn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń jẹun nílé ìfọṣọ yìí tí kò mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀kan jẹ́. Wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á wò ọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wò mí."

Ohun kan ta Aṣọ́ra nídìí, ohun tí kò mọ̀ pé òun ní. "Mà, ṣé ẹ gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà?"

Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta, kò bi í rí. Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí aṣọ nù ún.

"Etí mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, ó ti pẹ́."

"Mo ní ṣé ẹ gbọ́ ọ, mà."

"Padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ, Aṣọ́ra."

Ó padà. Gbogbo ọ̀sán náà, bó bá ti ti aṣọ kan bọ ẹnu ẹ̀rọ, á na ọrùn, á yọjú wo ẹ̀yìn. Obìnrin tó wà lẹ́yìn báyìí, tí bọ́tìnì tirẹ̀ wà níwájú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kanra. "Màmá Aṣọ́ra, kí lẹ ń wò? Ṣé mo jalè ni?"

Ọjọ́bọ̀ ni káfíńtà fúnra rẹ̀ wá. Ó ti kẹ̀kẹ́ aṣọ kan tí taya rẹ̀ ti jáde tẹ́lẹ̀ wọlé, ó ti tún un ṣe. Ọkùnrin gíga ni, èérún igi kì í tán nínú irun rẹ̀ funfun. Aṣọ́ra rí i, ó fẹ́ sá gba ẹ̀yìn òkìtì aṣọ ìdọ̀tí lọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti rí i.

"Ẹnìkejì ìyàwó mi."

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Wọ́n ní ẹ ti fi í sínú ìwé."

"Ìtàn lásán ni, ẹ̀gbọ́n. Mo kàn ń... mo kàn ń fi ọwọ́ dárà."

"Mo mọ̀ pé ìtàn ni. Tó bá ṣe pé òótọ́ ni, kò ní padà wá ká aṣọ. Ti ilé wa gan-an, nígbà tó wà láyé, kò ká a. Èmi ni mo máa ń ká a. Á ní òun ti ká ti gbogbo aláìsàn ìlú tán, kí ọkọ òun jọ̀ọ́, kó ṣàánú òun." Ó rẹ́rìn-ín, Aṣọ́ra náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dà bí ìgbà tí eegun bá há èèyàn lọ́fun. Káfíńtà fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni ń pa ẹṣin lára. "Ṣé ẹ fi ṣíbí yẹn síbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ò lè mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀mejì yẹn ṣe fún mi. Òun ló ń jẹ́ kí oúnjẹ gba ọ̀fun mi kọjá. Pé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bá lọ. Pé kò pe ẹnikẹ́ni kí ẹni náà má dá a lóhùn." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, kò sì fi í pa mọ́. "Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ wá kà á fún mi. Ojú mi ò rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ ohùn rẹ̀ jù, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kà á."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n," ni Aṣọ́ra wí.

Ohun tó wá dá a lágara nìyẹn. Ó ti rò ó síwá, ó ti rò ó sẹ́yìn. Bí òun bá fi í sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ta ni yóò farapa? Ọ̀gá á fẹ̀yìn tì wọ́ọ́rọ́wọ́. Káfíńtà á máa rí oúnjẹ gbé mì. Ọmọ òun á máa yangàn nílé ìwé. Ó dùn ún gbọ́ títí tó fi dé ibi àga, ibi tí òun á jókòó síwájú ọkùnrin yìí, tí òun á ṣí ìwé, tí òun á sì fi ẹnu ara òun sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀mejì. Níwájú ìgbìmọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló purọ́ náà, ó sáré pa á, ó sì sáré jókòó. Ti ọ̀tẹ̀ yìí, á kà á jáde ni, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, ọkùnrin náà á di ojú rẹ̀, á máa mi orí. Bó bá sì yí i sí ẹ̀ẹ̀kan ńkọ́, tí káfíńtà lọ gbọ́ ọ lẹ́nu Ẹlẹ́rọ láàárín ẹ̀rín? Ó rò ó títí, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó ti tẹ nọ́ńbà olóòtú lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó sì ti pa á lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó dún. Aago mẹ́wàá kọjá. Ó lọ bá Ẹlẹ́rọ.

"Bá mi dúró níwájú ẹ̀rọ. Mo ń bọ̀."

"Èmi? Màmá, mi ò mọ̀ ọ́n tì."

"Tì í bó o ṣe máa ń ti ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu. Bí obìnrin ẹ̀yìn bá ní kó o dúró, dúró. Bí ọ̀gá bá wà lẹ́yìn rẹ, dúró náà."

Ẹlẹ́rọ la ẹnu láti ṣàwàdà, ó wo ojú rẹ̀, ó sì pa ẹnu dé.

Ilé iṣẹ́ káfíńtà wà lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ iná, àwọn bẹ́ẹ̀dì tí ẹsẹ̀ wọn ti kán tò síwájú rẹ̀ bí aláìsàn tí kò rí dókítà. Ó ń fági lọ́wọ́. Ó rí Aṣọ́ra, ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí àpótí kan pé kó jókòó. Kò jókòó. Ó mọ̀ pé bí òun bá jókòó, òun á sọ nǹkan mìíràn.

"Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ni."

Káfíńtà ti ìfági síwájú lẹ́ẹ̀kan sí i, èérún igi ká jáde, ó já bọ́. "Kí ni ẹ̀ẹ̀kan?"

"Ṣíbí. Ẹ̀ẹ̀kan ló lù ú. Mo gbọ́ ọ. Mo... ọwọ́ mi lọ, ó dé ìtòsí bọ́tìnì. Mo fà á padà. Mi ò dúró. Wọ́n bi mí, mo ní ẹ̀ẹ̀mejì. Irọ́ ni. Mo wá sọ fún yín kẹ́ ẹ tó rí i nínú ìwé."

Ọkùnrin náà gbé ìfági sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ eruku kúrò níbẹ̀. Ó tún un gbé sílẹ̀, ó rọra fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbé e kí abẹ rẹ̀ má baà kú.

"Ta ló wà lẹ́yìn yín?"

"Ọ̀gá wà lẹ́yìn mi. Ó sọ̀rọ̀. Àmọ́ ìka tèmi ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe tiẹ̀."

Lóde, ẹnì kan ń ti kẹ̀kẹ́ oògùn kọjá, ìgò ń kọlura. Káfíńtà dúró títí ó fi lọ tán.

"Aṣọ mélòó ló kọjá?"

Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti jọ gbé títí tó fi mọ̀ pé lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, kò sẹ́ni tó ń fi ìṣẹ́jú ka nǹkan. Aṣọ ni wọ́n fi ń kà á. Aṣọ́ra ti ń retí èébú, ó ti ń retí igbe, ó tiẹ̀ ti ń retí kó gbá òun létí. Kò retí pé wọ́n á bi òun ní ohun tí òun nìkan mọ̀ láyé.

"Mẹ́rin."

"Mẹ́rin." Ọkùnrin náà tún un sọ, bí ẹni ń wọn igi. "Ta ló gbà wọ́n?"

"Kò sẹ́ni tó gbà wọ́n. Mẹ́ta bọ́ sílẹ̀. Ìkẹrin ni... ìkẹrin ló bò ó. Nígbà tí mo yí débẹ̀, aṣọ ni mo kọ́kọ́ rí. Ó ṣì gbóná. Mo rò pé ó ti lọ, pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún mi. Mo tiẹ̀ kọ́kọ́ bínú sí i."

Ó ti wá sọ ọ́ tán, gbogbo rẹ̀. Káfíńtà yí ẹ̀yìn sí i, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé etí tábìlì, èjìká rẹ̀ gòkè, ó sọ̀kalẹ̀.

"Ìyẹn wà nínú ìwé náà?"

"Kò sí níbẹ̀."

"Kọ ọ́ sí i."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Ó lè pẹ́. Ó lè jẹ́ pé mi ò ní bá ọ sọ nǹkan kan mọ́." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Àmọ́ bó o bá máa sọ pé ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Má fi ọ̀kan pa mọ́. Kọ ọ́ sí i."

Ó fi apá gbá èérún igi kúrò ní ìkangun tábìlì, àyè tó tó bébà kan. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó lọ dúró láàárín àwọn bẹ́ẹ̀dì tó kán, kò wo ẹ̀yìn.

Aṣọ́ra tẹ nọ́ńbà olóòtú. Ọ̀tẹ̀ yìí, ó jẹ́ kó dún.

"Ẹ yí i sí ẹ̀ẹ̀kan," ló sọ, kí wọ́n tó kí i. "Àmọ́ ẹ má tíì gbé e lọ. Ó ku ibì kan."

"Ibì kan, mà? Ṣé ó gùn? Ó ku wákàtí kan àti díẹ̀ péré."

Ó wo tábìlì náà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Kò gùn," ni Aṣọ́ra wí. "Aṣọ mẹ́rin ni."